Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta Náírà Ti Tó

Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, Allen Avenue n'Ìkẹjà kì í ṣe ti ọ̀sán mọ́. Báǹkì ti tì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oríta Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti tú, títì ti ṣófo gbalaja títí dé Opebi. Ìgbà yẹn ni jíìpù tó ti fi gbogbo ọ̀sán rákò á wá rí àyè, tí dánfó tó ń wá èrò ìkẹyìn á sì gbá tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń jáde nílé oúnjẹ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́, àwọn tó ń ta súyà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ sọdá títì yìí kí wọ́n tó délé.

Kò sí ará Èkó tí kò mọ ohun tó yẹ kí ìjọba fi àwọn asáré yìí ṣe. Lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú BRT tó há gádígádí, ìdájọ́ kan náà ni: ìyà wọn ò tíì tó. Kí wọ́n sọ owó ìtanràn di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n, bí wọ́n bá sì jáde, kí wọ́n kó wọn lọ sí Yábàá kí dókítà yẹ ọpọlọ wọn wò. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àgàgà létí ẹni tí táyà mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ àṣìṣe ni, àṣìṣe tó ń pa èèyàn sì ni, torí ó ń jẹ́ kí ìjọba fi òfin líle bojú, kí iṣẹ́ gan-an sì wà nílẹ̀ láìṣe.

Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ kò ṣòroó lóye. Láàárín ìlú, bíi Allen, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Lójú pópó tó jáde nílùú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sá 80. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, 100. Ẹni tó bá kọjá ààlà yóò san 3,000 náírà fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, wọn yóò sì kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́rùn. Iye yìí gan-an ni àwọn èèyàn fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Kí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fẹ́ rà ní Èkó òde òní? Àmàlà abọ́ kan pẹ̀lú ẹran méjì, ó ti tán.

Ó yẹ ká ṣírò rẹ̀ ṣá. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ohun tó lé díẹ̀ ní 3,000 ló ń rí lójúmọ́. Owó iṣẹ́ òòjọ́ kan ni ìtanràn náà nígbà náà. Ẹ wá wo Britain. Ẹni tó bá fi díẹ̀ sáré ju ìwọ̀n lọ níbẹ̀ á san 100 pọ́n-ùn, wọ́n á sì fún un ní àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó wákàtí kan tó kéré jù fún àgbàlagbà níbẹ̀ di pọ́n-ùn 12 àti pẹ́ńsì 21. Tí èèyàn bá fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́, díẹ̀ ló kù kó pé 100 pọ́n-ùn. Owó iṣẹ́ òòjọ́ kan náà ni. Àmì mẹ́ta náà ni.

Èyí ló yẹ kó kó ìdààmú bá àwọn tó ń pariwo ìyà líle. Ọmọ Ìkẹjà tó kó lọ sí Peckham, tí gbogbo Opebi mọ̀ ní asáré, ń rọra lọ ní máìlì 20 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 32, láàárín títì tí kò ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rárá. Ọkùnrin kan náà ni. Wọn ò pààrọ̀ orí rẹ̀ ní Heathrow. Ohun tó yí padà ni pé ó mọ̀ dájú pé kámẹ́rà tó wà níwájú kì í sùn, kò mọ ọ̀gá ẹnikẹ́ni, kò sì ní sọ pé kó fi nǹkan sílẹ̀. Ìwé ló máa bá a nílé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí àmì náà bá pé 12 láàárín ọdún mẹ́ta, adájọ́ lè ní kó má wakọ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Kò sí Yábàá.

Yorùbá ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni toníhun. Òwe yẹn dára fún títu olóhun nínú, ṣùgbọ́n òfin ìlú tó bá ń retí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ti fi gbogbo ọjọ́ yòókù ta olè lọ́rẹ. Awakọ̀ tó ń sá 90 láti Allen dé Opebi lálaalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò dá a dúró fún oṣù mẹ́fà, kò ní gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló mú òun lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un. Á ní ẹsẹ̀ tí òun fi jáde lọ́jọ́ náà ni kò dáa. Á ní àwọn òṣìṣẹ́ ń wá owó ọdún. Bí ìyà náà bá wá rorò, bíi kí ààrá sán ni yóò rí lójú rẹ̀, ààrá kì í sì í kọ́ èèyàn ní ìwà. Àdúrà ló máa ń mú kó gbà. Ìtanràn kékeré tó ń dé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni kò ní gbà kó wá àlàyé míì lọ. Cesare Beccaria, ọmọ Ítálì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1764 pé ìdánilójú pé ìyà ń bọ̀ ló ń dá ọwọ́ ẹni dúró, kì í ṣe bí ìyà náà ṣe le tó. Èkó kò tíì gbọ́.

Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé Èkó ò tíì dán ìyà líle wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà ojú pópó tó mú gbogbo ìlú gbọ̀n. Ẹni tó bá kọjú ọkọ̀ sí ibi tí àwọn yòókù ń bọ̀, tí ará Èkó ń pè ní wan-wéè, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba á sì gba ọkọ̀ rẹ̀ pátápátá. Tó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ọdún mẹ́ta. Òfin àtúnṣe ètò ìrìnnà ti ọdún 2018 ṣì fún ìjọba lágbára láti gba ọkọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n lu ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní gbànjo, ẹkún ọ̀kan nínú àwọn tó pàdánù ọkọ̀ wọn sì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Ìyà wo ló tún kù tó le jùyẹn lọ, àfi kí wọ́n máa yìnbọn fún èèyàn?

Wan-wéè kò tán. Ẹni tó bá dúró sí Agége Motor Road láago méje àárọ̀ á fojú ara rẹ̀ rí i. Kódà àwọn mélòó kan máa ń ta fìtílà iwájú wọn kí ẹni tó wà lọ́nà tirẹ̀ lè yà fún wọn, bí ẹni pé ọmọ onílé ló ń bá àlejò wí.

Ìyà ńlá tún ní àrùn tirẹ̀. Bí ìtanràn bá jẹ́ 3,000, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìdúnàádúrà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi á sanwó gba rìsíìtì, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igba ẹgbẹ̀rún, tàbí mọ́tò fúnra rẹ̀, ọjà ti dé nìyẹn. Awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀gá ṣójà tó jẹ́ àna àbúrò rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi, ọmọ mẹ́ta ló wà nílé." Ẹni tó dá a dúró náà mọ iye tí àánú ń lọ lọ́jà. Gbogbo náírà tí ìjọba bá fi kún ìtanràn láìfi kún kámẹ́rà àti rìsíìtì, owó àánú ló fi kún un. Ẹni tí kò sì ní àna tó jẹ́ ọ̀gá ṣójà ni yóò fi mọ́tò jìn.

Ìtàn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fúnra rẹ̀ ta ko àwọn olùfẹ́ ìyà líle. Kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1977, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ bí ẹni ń pa ẹran iléyá. Ohun tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tuntun. Ojú ni wọ́n gbé lọ: àwọn èèyàn tó dúró síbẹ̀, tí awakọ̀ ń rí, tó sì mọ̀ pé wọ́n rí òun.

Ojú tí kì í rẹ̀ ti wà lóde báyìí. Lọ́dún 2025, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ètò ìrìnnà mú kámẹ́rà wọ ọ̀rọ̀ náà. Kámẹ́rà á ka nọ́ńbà ọkọ̀, ìtanràn á sì bá onímọ́tò lórí fóònù rẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n ní ìjọba kàn ń wá owó ni. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n ju asáré sẹ́wọ̀n láná ni wọ́n tún ń pariwo pé kámẹ́rà ti pọ̀ jù lónìí. Ó jọ pé asáré tí wọ́n ní lọ́kàn kì í ṣe ara wọn.

Àwọn aláròyé náà ní ẹ̀tọ́ kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dù wọ́n: kámẹ́rà tí kò ní pátákó níwájú rẹ̀, ìkẹ́kùn ni. Ní Britain, ọ̀dà yẹ́lò ni wọ́n fi ń kun àpótí kámẹ́rà kí ó lè hàn lókèèrè, torí pé kí ọkọ̀ rọra ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe kí owó wọlé. Nígbà tí ìjọba Jacques Chirac ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, wọ́n fi pátákó ṣíwájú ọ̀pọ̀ wọn. Lọ́dún 2002, àwọn tó kú lójú títì Faransé lé ní 7,000. Nígbà tó fi máa di 2010, wọn ò pé 4,000 mọ́. Kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ló ṣe iṣẹ́ yẹn, wọ́n gbógun ti ọtí náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ẹ̀wọ̀n ṣe é.

Àwọn kan á tún rẹ́rìn-ín pé eré wo lẹnìkan ń sá ní Ìkẹjà, níbi tí mọ́tò ti ń lo wákàtí kan láti Kòm̀pútà Village dé Allen. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí ìlú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ so mọ́lẹ̀ láti aago mẹ́rin ni yóò gbá ọkọ̀ rẹ̀ bí ọ̀nà bá là fún un ní ìwọ̀n ibùdókọ̀ méjì péré. Ìwé òfin ìwakọ̀ Britain ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ tó ń lọ ní máìlì 30, ìyẹn bíi kìlómítà 48, yóò lo mítà 23 kó tó dúró. Tó bá jẹ́ máìlì 50, bíi kìlómítà 80, mítà 53 ni, àti pé títì gbígbẹ nìyẹn o, búréékì sì dára. Dánfó mélòó ni búréékì rẹ̀ dára bẹ́ẹ̀ lóru Èkó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé bí ọkọ̀ bá fi iwájú gbá ẹlẹ́sẹ̀, ewu pé yóò kú á di ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ bí eré bá kúrò ní kìlómítà 50 tó di 65. Kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà láàárín wọn, ohun tí awakọ̀ lè fi kún un bó ṣe ń yí rédíò.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà nìkan kọ́. Títì fúnra rẹ̀ máa ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ Allen látijọ́ ò ní gbàgbé róńdábáòtù tó wà níbi tí ó ti pàdé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Way àti Kudirat Abiola Way. Ìjọba gómìnà Sanwó-Olú hú u kúrò nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n fi iná ìdarí ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó lè dára. Lóru, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: róńdábáòtù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìtẹ búréékì, ìbáà jẹ́ mínísítà, ìbáà jẹ́ ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n iná tó tàn yẹ́ríyẹ́rí láwọ̀ ewé láago mọ́kànlá alẹ́ ń pe asáré pé kó máa bọ̀ kí òun tó di pupa. Wọ́n tún oríta ṣe fún mọ́tò tí kò lè rìn. Wọn ò ro ti mọ́tò tó ń fò.

Ní Ghana, oríta Suhum lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi ti gbẹ̀mí púpọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ò gba ìwé òfin kankan. Wọ́n tẹ́ àwọn ìlà tó yọ sókè sójú ọ̀dà títì, tó ń gbọn ọkọ̀ gìrìgìrì bí ó bá sáré dé ibẹ̀. Ìwádìí tí Francis Afukaar tẹ̀ jáde lọ́dún 2003 sọ pé ìjàmbá ibẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú sì dín kù ní ìdá 55. Ẹni tó bá ní bọ́ǹpù máa ń ba ọkọ̀ jẹ́ kò purọ́. Ọkọ̀ asáré ló ń bà jẹ́ jù. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ọba Akran àti Agidingbi ti ń sọdá bí wọ́n bá ṣíwọ́ lálẹ́, àti àwọn ibi tí èrò ti ń gé Allen kọjá síhà Gbemisọ́lá àti Tóyìn, ló yẹ kí irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ akérò kí ó má lè sáré náà ti ní ìtàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni FRSC bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ akérò Nàìjíríà. Kenya ti ṣe é ṣáájú wa: lọ́dún 2004, mínísítà John Michuki fi agídí mú kí gbogbo matatu, ìyẹn dánfó tiwọn, ní ẹ̀rọ yẹn àti bẹ́líìtì, eré rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí àyẹ̀wò dẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tún ẹ̀rọ náà tú. Ohun tó yani lẹ́nu ní Kenya kò náni ju bébà lọ. James Habyarimana àti William Jack, olùkọ́ ní Yunifásítì Georgetown, lẹ ìwé pélébé mọ́ inú matatu pé kí èrò máa bá awakọ̀ tó ń sáré wí. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ìdójútòfò dín kù tó ìdajì. Ará Èkó ò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ bó ṣe máa pariwo lé dírẹ́fà lórí. Ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ ni pé ó máa ń rò pé òun nìkan lẹ̀rù ń bà, tí kọ̀ńdọ́ á sì ní kó bọ́ sílẹ̀ bí kò bá lè gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ olówó. Òótọ́ ni pé ẹni tó gun jíìpù tuntun, tó sì ń ná ìlọ́po ogún 3,000 lórí ọtí lóru, kò ní mọ̀ pé òun san ìtanràn. Ní Finland, iye tó ń wọlé fún èèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò ìtanràn eré tó pọ̀ jù; lọ́dún 2002, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ Nokia gba ìwé ìtanràn 116,000 yúrò nítorí pé ó sá 75 níbi tí wọ́n ní kó sá 50. Àwọn olùfẹ́ ìyà líle fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, wọ́n sì gbàgbé pé ìjọba Finland mọ iye tó ń wọlé fún oníkálukú. Nàìjíríà ò mọ iye tó ń wọlé fún ẹni tó ń gun jíìpù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé iṣẹ́ owó orí ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó lè mú olówó ti wà nínú òfin tẹ́lẹ̀ láìsí pé wọ́n kọ ìlà kan kún un: àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta yẹn. Àmì ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, bí ó bá sì ń pọ̀ sí i, ìwé ìwakọ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n àmì tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ kò lè pọ̀ sí i.

Láti Aláùsá tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó wà, Allen ò jìnnà. Bí àwọn aṣòfin bá tún fẹ́ fọwọ́ kan òfin ìrìnnà, kí wọ́n má fi náírà kan kún ìtanràn asáré. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n kọ òfin fún. Kí kámẹ́rà má ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí pátákó tó sọ iye eré tí ọkọ̀ lè sá. Kí àwòrán ọkọ̀ àti aago tó sáré wà lórí ìwé ìtanràn, kí owó náà wọ àpò ìjọba láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, kí orúkọ ọ́fíìsì tí awakọ̀ lè lọ bá jiyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n sì yá ọjọ́ mẹ́rìnlá Britain lò: ìwé tí kò bá tẹ onímọ́tò lọ́wọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá fi ṣú, kí ẹjọ́ náà kú, kí ìjọba pàdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rẹ̀.